Ìyálé tí Odò Kọ̀ Sílẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ní kí n sọ ọ́, ẹ sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ ní ohùn mi kì í já gaara nínú fóònù yín. Ó dáa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò tilẹ̀ pé mẹ́fà tán: ọdún tó yẹ kí n ṣe ìdánwò ni mo gba oko ẹja lọ. Ẹni tó bá rí àṣìkọ níbí, kó bò mí láṣìírí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ń tini lójú ju àṣìkọ lọ.

Omi tó wà lẹ́yìn ilé Sìkírá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ibẹ̀: Ìsàlẹ̀-Ìyeyè, abúlé wa, bí a bá ti kọjá Imọta tí à ń dorí kọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ẹ lọ ṣe Iléyá níbẹ̀, ẹ ń ya fọ́tò níwájú omi náà, ẹ sì ń pè é ní kòtò. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ bi mí pé, "Bàbá Kékeré, ta ló gbẹ́ kòtò yìí?" Mo ní, "Odò ló gbẹ́ ẹ." Ẹ rẹ́rìn-ín. Mi ò bá yín wí. Omi tó dúdú bí omi aró, tí ewé bò pátápátá, tó ń rùn bí ẹ̀fọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ta ló máa gbà pé ìyàwó ilé ni nígbà kan rí?

Ìyálé ni orúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe gba orúkọ náà nìyí. Odò kì í rìn tààrà nínú àfonífojì. Bí ọ̀mùtí ló ṣe ń rìn: á ya sọ́tùn-ún, á ya sósì, á máa jẹ etí ilẹ̀ níhìn-ín, á máa da yanrìn sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá yípo yípo, tí ilẹ̀ tó wà láàárín wá tín-ín-rín bí ọrùn agbè, ọdún kan á dé tí ìkún omi á já ọrùn náà. Odò á gba ibẹ̀ lọ tààrà. Ibi tó ti ń yípo tẹ́lẹ̀, á fi í sílẹ̀ pẹ̀lú omi inú rẹ̀, ó máa tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tí à ń wò kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìwo kan níhìn-ín, ìwo kan lọ́hùn-ún. Èyí tiwa ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní odò ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ó fi ìyálé sílẹ̀ nínú ilé àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ tó bá nítìjú, bó ti wù kí ìyàwó dùn mọ́ ọn tó, á máa yọjú sí ìyálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ó sì ń yọjú lóòótọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ títí tí odò fi kún, ó máa ń gba ọ̀nà tóóró kan wọlé tọ Ìyálé wá. Kì í wá lọ́wọ́ òfo. Omi tuntun ló ń gbé wá, omi pupa tó kún fún ilẹ̀dú òkè odò, àti ẹja: àrọ̀, epìyà, àwọn mìíràn tí mi ò tíì rí lọ́jà láti ogún ọdún. Ẹja á yé ẹyin sí ìdí koríko, níbi tí omi ò ti lè gbá ọmọ wọn lọ. Bí odò bá fà padà, á fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyálé kó bá a tọ́ wọn. Àwọn tó bá yè lọ́wọ́ agbọ̀n wa á bá ìkún omi ọdún tó ń bọ̀ padà sínú odò. Bẹ́ẹ̀ ni ayé wọn rí. Ìyálé tí ọkọ kọ̀, òun náà ló ń bá ọkọ tọ́ ọmọ. Mo mọ obìnrin mẹ́ta ní abúlé wa tí ìtàn wọn kò yàtọ̀ sí èyí.

Nígbà tiwa, kí oòrùn tó yọ ni ariwo ti ń sọ nínú Ìyálé. Àwọn kọ̀ǹkọ̀ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lékeléke á gbà á lẹ́nu wọn. Ẹyẹ kan wà tó máa ń ké bí ẹni tó ń fi ṣíbí kan abọ́. A ò mọ orúkọ rẹ̀, Alábọ́ là ń pè é. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí irun mi ti ń funfun. Òṣíbàtà á tẹ́ ewé rẹ̀ bí ẹní, epìyà á máa fò gbàá lábẹ́ rẹ̀. Igi ògùrọ̀ dúró yí etí omi ká bí àwọn àgbà tó ń ṣèpàdé. A kì í gé wọn bó ṣe wù wá, torí ìdí gbòǹgbò wọn ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Lónìí, ẹ̀yìn Gáréèjì Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ohun tí mò ń gbọ́ kí oòrùn tó yọ ni ọlọ́kadà àti agbèrò tó ń bú ìyá ara wọn. Ẹ má rò pé mò ń ráhùn. Ariwo èèyàn ń tù mí lára. Ẹni tó bá ń bú ọ, ó kéré tán, o mọ̀ pé kì í ṣe iwin.

Ọjọ́ Agbọ̀n ni ọdún tiwa. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí Ìyálé ti fà títí tó fi mu àgbà dé orúnkún, Baálẹ̀ á dá ọjọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí i, ìbáà ṣe ọmọ Baálẹ̀. Bó bá wá pé, gbogbo abúlé á tò yí omi ká, tọkùnrin tobìnrin, kálukú pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Àlejò á wá láti Imọta àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn Ìlàjẹ á wa ọkọ̀ wá láti ọ̀sà. Baálẹ̀ á ṣí fìlà, á jù ú sínú omi. Ó parí nìyẹn. Gbogbo wa á rọ́ wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Agbọ̀n tó bá kọ́kọ́ kún, ilé opó ló ń lọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Ọdún kan, àrọ̀ ńlá kan wọ ṣòkòtò Lèmọ́mù wa. Bàbá náà ń fò sókè nínú omi, ó ń ké, "Ẹ gbà mí o, ó ń gòkè!" Ìyá kan dá a lóhùn láti òdìkejì pé, "Ẹ jẹ́ kó gòkè, Lèmọ́mù, ẹ ṣáà má jẹ́ kó jáde. Ọbẹ̀ ni!"

Ṣùgbọ́n ẹja kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀nà tóóró tí mo sọ yẹn, Ọ̀nà Ọkọ là ń pè é. Kò fẹ̀ ju kí ọkọ̀ kan kọjá lọ. Àwọn baba wa ri òpó mọ́lẹ̀ lápá méjèèjì rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ya wọ inú rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ìkún omi tó dé, àwa ọ̀dọ́ á lọ ro ó. A ó gbé igi tó bá wó dí i kúrò, a ó kó ẹrẹ̀, a ó gé koríko. Wọ́n á pín in ní ìpín ìpín. Ẹni tó bá ro tirẹ̀ tán á ki ẹsẹ̀ bọ omi, á ní, "Ìyálé, ọ̀nà ti mọ́." Ní ìrọ̀lẹ́, olórí ọ̀dọ́ á lọ dúró níwájú àwọn àgbà, á ní, "Ọ̀nà ti mọ́. Mo fojú ara mi rí i." Ìbúra wa nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń lọ wò ó.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Làmídì ni olórí ọ̀dọ́, ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Sìkírá. Ọkùnrin ni, ó ga, ó dúdú, ó mọ ẹja bí ẹni pé wọ́n jọ lọ sí ilé kéwú. Èmi, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, torí mo lè kọ orúkọ mi láìsí pé mo wojú ẹlòmíràn. Ìpín ìkẹyìn, lẹ́nu Ìyálé gan-an, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ojo ni mí. Títí di òní, bí aláǹgbá bá já lulẹ̀ lẹ́yìn mi, màá kọ́kọ́ sá ná kí n tó bèèrè. Mo débẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Kùrukùru bo omi. Igi kan ti wó dábùú ọ̀nà náà, irú igi pupa líle tí wọ́n fi ń ṣe òpó afárá. Kò tóbi ju itan ọkùnrin méjì lọ; akínkanjú á gé e tán kí ògì àárọ̀ tó tutù. Mo gbé àdá sókè. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, láti inú kùrukùru:

Gbọ́ọ̀ọ̀lù.

Ó dà bí ẹni tí omi ti dé ọ̀fun rẹ̀, tó fẹ́ pe orúkọ ẹnì kan kó tó rì. Mo dúró. Gbọ́ọ̀ọ̀lù. Ó tún wá láti apá òsì. Ló bá di mẹ́ta, ló di mẹ́rin, ló yí omi ká, àfi bí ẹni pé gbogbo àwọn tó ti rì sí odò yẹn rí ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Méjì péré ni. Mo kà wọ́n tán, ohùn yẹn ò tán. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Bí mo ti sá jáde nínú kùrukùru, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn mi gẹ́lẹ́, ó na òjìji mi gbọọrọ síwájú. Nígbà tí mo rí ohun dúdú gígùn tó ń sá níwájú mi, mo rò pé ẹni tó ń lé mi ti yà mí sílẹ̀. Mo tún figbe ta.

Mo fara pamọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà títí oòrùn fi gòkè. Mo fi ẹrẹ̀ pa àdá, mo fi pa ẹ̀wù. Nígbà tí mo délé, Làmídì wò mí láti orí délẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Akọ̀wé, o ṣiṣẹ́ lónìí o! Igi tó wó dí ìpín rẹ yẹn ńkọ́?"

"Mo ti gé e."

"Ìwọ nìkan? Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣá a kó tó já?"

"Ṣé mo ń kà á ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Akọ̀wé tí ò lè kà!" Ó gbá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró níwájú àwọn àgbà, ó ní, "Ọ̀nà ti mọ́. Mo fojú ara mi rí i." Kò rí i. Ojú tèmi ló yá. Mo wà níbẹ̀, mò ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Odò kún lọ́dún náà, ó wá bó ti máa ń wá, ó dé ìdí igi yẹn. Gbogbo ohun tó ń gbé bọ̀, ẹrẹ̀, ẹ̀ka igi, koríko, kò rọ́nà kọjá, wọ́n jókòó síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti di òkìtì. Odò yí ẹ̀yìn padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó burú jù nìyí, ẹ fetí sí i dáadáa. Ká ní àwọn àgbà mọ̀ pé igi lásán ni, ọkùnrin mẹ́ta á yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ìbúra pé ọ̀nà mọ́. Bí ọ̀nà bá mọ́ tí ọkọ ò wá, a jẹ́ pé ọkọ ló kọ̀. Wọ́n wo òkìtì náà, wọ́n ní odò fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Ta ló sì ń fi ipá wọ́ ọkọ wọlé? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ro Ọ̀nà Ọkọ mọ́, kí wọ́n má baà tún dójú ti Ìyálé. Igi yẹn ì bá dí ọ̀nà lọ́dún kan péré. Irọ́ mi ló dí i títí.

Nígbà tí Ọjọ́ Agbọ̀n pé, a rọ́ wọ inú omi bí ìṣe wa. Ẹrẹ̀ dúdú la gbọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba ẹja tó kù léfòó, ikùn wọn funfun lókè, òórùn gba abúlé kan. Wọ́n ní ọwọ́ Làmídì ò dára fún omi, ọdún tirẹ̀ ṣáà ni ọkọ kọ̀. Wọ́n gba olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àna tó ti ń múra ìyàwó fún un ní kó ṣì ní sùúrù ná. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìbẹṣẹ, ó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà, garawa lọ́wọ́, ó ń rì, ó ń yọ, láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ibẹ̀ ló ti níyàwó, ibẹ̀ ló bí Sìkírá sí.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí mo sá fún. Mo wọ ọkọ̀ Bàbá Ìlàjẹ kan láti Ẹ̀pẹ́, apẹja ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó mọ̀ mí láti Ọjọ́ Agbọ̀n. A dé ibì kan tí omi ti dákẹ́. Gbọ́ọ̀ọ̀lù. Mo di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Bàbá náà wò mí.

"Kí ló ṣe ọ́, Akọ̀wé? Ojú rẹ ti funfun."

"Bàbá, kí nìyẹn?"

"Èwo? Àrọ̀ kọ́ nìyẹn? Bí omi bá ti di ògbólógbòó, tí kò ní èémí nínú mọ́, àrọ̀ á yọ ẹnu sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì. Ìdájí ló máa ń pọ̀ jù. Bó o bá ti gbọ́ ọ, omi yẹn ń fẹ́ omi tuntun ni."

Mo sọ fún un pé mo ti sá fún un rí. Mi ò sọ ìyókù. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì légbèélégbèé. "Ó sá fún ọbẹ̀! Ọmọ èèyàn sá fún ọbẹ̀!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi wàyí. Kò sí òkú kankan tó pè mí lọ́jọ́ náà. Ìyálé ló ń bẹ̀ mí pé kí n ṣílẹ̀kùn.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù ara mi o, ìgbéraga nìyẹn náà. Lẹ́yìn tèmi, wọ́n la títì, òkìtì títì náà dábùú àfonífojì, odò tún sún sẹ́yìn. Wọ́n gé ògùrọ̀ tán. Ewé kan tó ní òdòdó elésè-àlùkò dé láti ibi tí a ò mọ̀, ó gba ojú omi. Àwọn baba wa ní ojú-oró ní í lékè omi; ojú-oró fúnra rẹ̀ di ẹni ẹ̀yìn. Ọ̀nì inú Ìyálé tí a máa ń bẹ̀rù, a ò mọ ibi tó gbà. Nígbà tí omi ṣì ní ohun tí à ń bẹ̀rù nínú, ẹ mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Làmídì padà wálé nígbà tó darúgbó, ó kọ́lé sí ẹ̀bá Ìyálé. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga síta, á kọjú sí i. Bí mo bá lọ kí i, á ní, "Akọ̀wé, jókòó." A ó jọ máa wo omi. Mi ò sọ. Kò bèèrè. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ó ti kú, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run foríjì mí, ni pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ sísọ ọ́.

Irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni ohùn yẹn ti wá mi dé Ìkòròdú. Bí ìyàwó mi bá ń da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì, Gbọ́ọ̀ọ̀lù. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà ń gbé e mì, Gbọ́ọ̀ọ̀lù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iwin, Bàbá Ìlàjẹ ti là á yé mi. Ṣùgbọ́n ká mọ̀ pé nǹkan kì í ṣe iwin, èyí ò ní kó má máa lé èèyàn. Ní ìdájí, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, mo máa ń gbọ́ ẹni tó wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo mọ ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Sìkírá wá bá mi nílé. Kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́.

"Bàbá Kékeré, wọ́n fẹ́ dí Ìyálé pa."

Ó ní àwọn tó ra ilẹ̀ ẹ̀yìn abúlé fẹ́ da yanrìn sí i kí wọ́n kọ́lé lé e. Lọ́jọ́bọ̀ ni tipa àkọ́kọ́ máa dé. Gbogbo àgbàrá abúlé, inú Ìyálé ló ń lọ dúró sí. Bí wọ́n bá dí i, inú yàrá Sìkírá ni yóò wá sùn, yàrá tí bàbá rẹ̀ kọ́.

"Baálẹ̀ ní omi tó bá ní ọ̀nà, ti odò ni, kò sẹ́ni tó lè dí i. Ó ní bí a bá lè fi ẹnu Ọ̀nà Ọkọ han òun, òun á dá wọn dúró. Bí kò bá sí, kòtò lásán ni. Àwọn bàbá tó kù ní ìwo ìwọ̀-oòrùn ló wà. A ti gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ lásán." Ó wò mí. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ rántí ibẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ jù, Sìkírá. Mo ti gbàgbé."

Ó wò mí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wo omi. Kò tún bèèrè. Ó ní òun ti ń lọ, àmọ́ òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ó tẹ kẹ́ẹ̀gì sórí ife. Gbọ́ọ̀ọ̀lù.

"Ìwo ìlà-oòrùn ni," ni mo wí. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rán an níṣẹ́.

Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. "Ó dá yín lójú?"

"Oòrùn wà lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń sá. Ẹni tó sá kì í gbàgbé ibi tó ti sá." Mo tún sọ kíákíá pé, "Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí o."

"A ó gbé yín."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"A ó bá yín gbé ìyẹn náà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ju ogún lọ dáadáa. Òtítọ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá bá a ní Ìkòròdú, ó tún dúró kí n wọ bàtà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú a wà níbẹ̀, Baálẹ̀ lórí àga, àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn ìyá tó wá wòran. Baálẹ̀ yìí kéré sí mi. Mo bá bàbá rẹ̀ ju agbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, báwo ni ẹ̀yin nìkan ṣe mọ ohun tí gbogbo àgbà ò mọ̀?" Mo wo ilẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀. Mo bá sọ ọ́: kùrukùru, igi, ohùn, eré, ẹrẹ̀ tí mo fi pa ẹ̀wù. Mo ní Làmídì ò mọ nǹkan kan, ojú tèmi ló fi búra, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìyálé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ mo tiẹ̀ ti fi àwàdà díẹ̀ sí i. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Háà, Akọ̀wé," ó sì yí ojú kúrò. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó mu wọ́n dé àyà, ṣọ́bìrì kan igi. Òpó ni. Òmíràn wà ní ìdojúkọ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé òpó méjèèjì lọ, wọ́n sì kàn án: igi pupa náà, ó dábùú, ẹrẹ̀ ti pa á mọ́, kò jẹrà, ó le bí irin. Baálẹ̀ dìde, ó wò ó, ó gbé fóònù sétí, ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn onítipa pé kí wọ́n má bọ̀.

Sìkírá bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu igi, ó ń fi ìka wá nǹkan lára rẹ̀. Ó rí i. "Ọ̀kan," ó wí. "Méjì. Mẹ́ta." Ojú ibi tí àdá mi ṣá nìyẹn, ó ṣì hàn rekete bí ẹni pé àná ni mo ṣá a. Mo ń retí èébú.

"Bàbá mi ò purọ́ fún mi," ló wí.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ojú àdá mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹja kú lòun nìkan lọ gbẹ́ ẹ wò. Òun rí i, òun bò ó padà."

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. "Làmídì mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó ní òun ti búra pé òun rí ohun tí òun ò rí, bí òun bá tú yín, òun tú ara òun. Mo bi í pé ibo ni igi náà wà, kò sọ. Ó ní, 'Akọ̀wé ló máa fi hàn ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó o bi í. Ojo ni, ṣùgbọ́n á wá.'"

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a fi jọ jókòó, ẹ̀yin ọmọ, igi kan náà ni àwa méjèèjì ń wò.

Sìkírá na àdá sí mi láti inú kòtò. "Ẹ wá parí rẹ̀."

Wọ́n dì mí mú sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé àdá sókè. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kẹrin. Igi náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo débẹ̀. Lẹ́yìn mi, láti abẹ́ ewé dúdú yẹn, níbi tí a ti rò pé ohunkóhun ò sí láàyè mọ́, ó wá:

Gbọ́ọ̀ọ̀lù.

Mo fò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ara mi lẹ́sẹ̀. Ìgbà yìí ni gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá àgbàlagbà tó yí ojú kúrò. Àmọ́ mi ò sá. Bóyá torí kò sí ibi tí mo lè gbà sá ni: kòtò ló yí mi ká.

Àwọn ọ̀dọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé igi náà jáde, tí wọ́n ro ọ̀nà dé ibi tí a ti ń rí odò lókèèrè. Ìkún omi ọdún yìí kò tíì dé. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ á rántí ilé, bóyá òkìtì títì yẹn á jẹ́ kó kọjá. Àwọn onítipa náà lè padà wá. Ṣùgbọ́n mo rìn ín láti òpó àkọ́kọ́ dé òpó ìkẹyìn, èmi nìkan, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ mi mú. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo wá lọ dúró níwájú Baálẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ṣí fìlà.

Mo ní, "Ọ̀nà ti mọ́. Mo fojú ara mi rí i."